Ẹ gbà mí o, adìẹ mi ń kú (Kétu)

Ìyá Sídí: Ẹ̀yin ará, ẹ dákun. Òròmọdìẹ 300 ni mo rà ní Porto-Novo lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi Ọlọ́run búra pé ara wọn dá. Owó èsúsú mi ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi wá wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kò kí mi kú iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ikú ti dé. Àná 22, òní 31. Ọkùnrin yẹn ò gbé fóònù mọ́. Oríṣi antibiotíìkì méjì ni mo ti fi sómi wọn, kò ràn án.

Bàbá Àlàbí (Pobẹ́): Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n? Ìgbẹ́ wọn ńkọ́? Ṣé ọrùn wọn ń lọ́?

Màmá Ìbejì (Ṣábẹ̀ẹ́): Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ léṣìí. Ewé dógóyárò ni mo sè fún wọn, ikú dúró.

Rafiu: Màmá, ẹ má bínú. Ó jọ Gumboro, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń pa òròmọdìẹ. Ikú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Ewé kọ́. Antibiotíìkì náà ò lè pa fáírọ́ọ̀sì.

Màmá Ìbejì: Ojú mi ló ṣe.

Ìyá Sídí: Ọjọ́ 26. Ìgbẹ́ funfun olómi, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣa ìdí ara wọn. Ọrùn ò lọ́. Mo sì fún wọn ní àjẹsára o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò ṣe é.

Rafiu: Omi wo lẹ fi pò ó?

Ìyá Sídí: Omi ẹ̀rọ. Ó mọ́ dáadáa.

Rafiu: Oògùn inú omi ẹ̀rọ máa ń pa àjẹsára. Omi kànga tó mọ́ ni, kí ẹ po wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Ẹ gbé méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ bá dókítà ẹran kó là wọ́n wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tò sára itan, Gumboro ni mo fura sí. Ṣùgbọ́n Newcastle, àrùn tó máa ń lọ́ wọn lọ́rùn, àti gíríìpù adìẹ náà ń pa púpọ̀, gíríìpù dé Adjarra nítòsí Porto-Novo ní 2007. Ẹ má tà, ẹ má pa jẹ.

Bàbá Àlàbí: Ṣé adìẹ ti wà nílé yẹn tẹ́lẹ̀?

Ìyá Sídí: Àwọn tó kú lóṣù tó kọjá. Mo da ìyẹ̀fun pákó tuntun lé ti àtijọ́. Kò sówó tí n ó fi kó gbogbo rẹ̀.

Bàbá Àlàbí: Háà! Ìyá Sídí!

Rafiu: Fáírọ́ọ̀sì Gumboro lè gbé oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé. Ẹni tó tà á fún yín lè má jẹ̀bi.

Ìyá Sídí: Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ti ta 40 fún obìnrin kan láti Ìlárá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ṣì ń jẹun nígbà yẹn.

Rafiu: Ẹ pè é báyìí! Kó yà wọ́n sọ́tọ̀, kó má fi bàtà kan náà wọ ilé méjèèjì.

Ìyá Sídí: Mo pè é. Ó ti tú wọn sáàárín tirẹ̀. Ó ń sunkún lórí fóònù. Ó ní kí n bá òun béèrè lọ́wọ́ yín, kí lòun ó ṣe?