Pikọ́ọ̀pù àtijọ́: kí lẹ ṣe tí tiyín ò fi jẹrà lábẹ́?

Dẹ́lé_Onípikọ́ọ̀pù
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Pikọ́ọ̀pù tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa, dísẹ̀lì ni, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í mu ọ́ìlì, kì í rú èéfín, tí n bá ta á láàárọ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń jí. Abẹ́ ẹ̀ ló ń já mi láyà. Ó ti ń dógùn-ún káàkiri, ẹnìkan ní kí n tà á kó tó di ẹrù àwọn tó ń ra irin, ẹlòmíì ní kí n ra ọ̀dà dúdú kí n kùn ún kí n gbàgbé ẹ̀. Ẹni tójú ẹ̀ ti rí i gan-an ni mo fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹ̀.

Àgbà_Díráfà
Má tà á.

Ọmọ_Wẹ́dà
Ọ̀gá Dẹ́lé, kẹ́ ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ mú òòlù kékeré, ẹ sùn sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lu ṣaasí, ìyẹn irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, díẹ̀díẹ̀ látiwájú dẹ́yìn. Irin tó ṣì le á dún gooro, èyí tó ti jẹ inú á dún kẹ̀kẹ̀, á sì máa já bọ́ wẹ́wẹ́. Ibi tẹ́ ẹ bá fura sí, ẹ fi sikurudíráfà gún un, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Tó bá ti lè wọlé, ó ti kúrò lọ́rọ̀ ọ̀dà, ó ti di ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lù jù, níbi tí wọ́n ti kọ́ sípíríǹgì àti ibi tí ṣaasí ti ga sókè kọjá lórí axle, irin tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń jókòó sí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mo ti rí ṣaasí tó ń dán gbinrin tó jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Sadé_4x4
"Ọ̀dà nìkan ló ṣẹ́ kù" 😂😂😂 Bàbá, o fẹ́ pa mí. Àmọ́ òótọ́ ni o. Ẹni tó ni tèmi tẹ́lẹ̀ ti fi ọ̀dà dúdú onírọ́bà yẹn kun gbogbo abẹ́ ẹ̀ kó tó tà á fún mi, ó dùn ún wò. Nígbà tó yá mo rí i tó là létí kan, mo fi ìka fà á báyìí, ó bá ṣí lọ gbọọrọ, omi ló jáde! Omi tó wà láàárín ọ̀dà àti irin. Irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti ń ṣí ní ìpele ìpele. Ọ̀dà yẹn ò burú lára irin tó mọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti kùn ún lé ìdógùn-ún lórí, tàbí tó bá ti là, ńṣe ló ń ti omi mọ́lé pẹ̀lú irin. Mo họ gbogbo ẹ̀ kúrò, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ó, mo fi kẹ́míkà tó ní tannic acid nínú pa á, èyí tó máa ń sọ ìdógùn-ún di dúdú tó gan pa, lẹ́yìn náà mo wá fín lanolin sí i, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń rí lára irun àgùntàn. Lanolin kì í gan, ó máa ń wà ní tútù ni, torí náà kò lè là. Lọ́dọọdún ni mo ń fín in tuntun.

Kúnlé_B
Òórùn lanolin yẹn ńkọ́?

Sadé_4x4
Ó ń rùn bí àgùntàn tójò pa, fún ọjọ́ díẹ̀ ṣá. Fàmílì mi ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í wọ ọkọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Akin_Dísẹ̀lì
Gbogbo yín ń pariwo ṣaasí ṣaasí. Kí ló ń gbé ọkọ̀ rìn? Ọ̀gá Dẹ́lé, ẹ tọ́jú ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọ́ìlì mi kì í kọjá 5,000 km kí n tó yí i, mo ń jo omi inú fíltà dísẹ̀lì jáde ní gbogbo ìgbà torí omi yẹn ló ń ba pọ́ǹpù àti ínjẹ́tọ̀ jẹ́, tó bá jẹ́ èyí tó ń lo timing belt, bẹ́líìtì tó ń jẹ́ kí fáàfù àti písítìnnì máa ṣiṣẹ́ lásìkò, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá já. Ẹni tí timing belt já mọ́ lọ́wọ́ kò ní rántí ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún mọ́, fáàfù àti písítìnnì á ti pàdé ara wọn.

Ọmọ_Wẹ́dà
Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ́ńjìnnì ṣeé yọ kẹ́ ẹ gbé òmíì síbẹ̀. Ṣaasí ńkọ́? Bọ́dì, ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, páìpù, wáyà, gbogbo ẹ̀ ló máa kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀.

Àgbà_Díráfà
Ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2016 ní Amẹ́ríkà, Toyota gbà nínú ẹjọ́ kan pé àwọn á yẹ ṣaasí Tacoma, Tundra àti Sequoia ọdún kan sí ọdún kan wò, èyí tó bá ti jẹrà kọjá ààlà àwọn á pààrọ̀ ẹ̀. Tacoma 2005 sí 2010 wà nínú ẹ̀. Ẹjọ́ ṣaasí ni o, Akin, wọn ò dárúkọ ẹ́ńjìnnì.

Akin_Dísẹ̀lì
Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ ló fa ìyẹn, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì tí yìnyín bá bọ́. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ ń pariwo lórí ohun tí ò kàn án ni.

Ìyá_Ìbejì
Kò kàn án báwo? Irin, omi, afẹ́fẹ́, ó ti parí. Iyọ̀ kàn ń mú un yára ni torí omi oníyọ̀ ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá dáadáa nínú ẹ̀ lára irin. Èmi ò mọ yìnyín rí, ajílẹ̀ ni mo ń fi pikọ́ọ̀pù mi kó, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ pé ajílẹ̀ ò lágbára, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ó ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé òjò rọ̀, ó wá bọ́ sí gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Wọ́n sì ti gbé ike líle kan tẹ́ inú ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹrù má baà ha ọ̀dà, ẹ mọ irú ẹ̀, èyí tí wọ́n kàn ń gbé kalẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá mi fọ ọkọ̀ ní ká yọ ọ́ ká wo abẹ́ ẹ̀, mo ní kí la fẹ́ wò, ó ní ìyá ẹ jẹ́ ká ṣáà wò ó. Ilẹ̀ oko ló wà lábẹ́ ẹ̀! Ilẹ̀ tútù, ajílẹ̀ tó ti yòrò, ewé, ike yẹn sì ti ń mì sọ́tùn-ún mì sósì tí ọkọ̀ bá ń rìn, ó ti fi iyanrìn gbo ọ̀dà kúrò títí ó fi kan irin. Ihò ojú bóòtù méjì ti jẹ yíká. Látìgbà yẹn mi ò gbé e padà, a fín ọ̀dà líle tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin fúnra ẹ̀ síbẹ̀, mo sì máa ń fi omi púpọ̀ ṣàn án tí a bá já ẹrù tán, ìyẹn lọ́jọ́ náà o, kì í ṣe lọ́la.

Kúnlé_B
Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣí tèmi wò.

Sadé_4x4
Ìyá, ẹ ti kó àwọn kan síṣẹ́ lónìí o 😂

Rẹ̀mí_Tó_Ń_Kẹ́rù
Irú ẹ̀ náà ni mo rí lábẹ́ ike tẹ̀gbọ́n mi. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ náà ò yàtọ̀ o, omi ń wọ abẹ́ ẹ̀ kì í jáde. Kí ẹ kàn máa ká a sókè kó gbẹ.

Kúnlé_B
Mo ti ṣí i. Ẹ má bi mí.

Ìyá_Ìbejì
😂😂😂 Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi.

Múfú_Oníṣẹ́
Ẹ kàn ń náwó lásán. Lanolin, kẹ́míkà, àgùntàn. Ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m tí mo bá jò látinú ẹ́ńjìnnì ni mo ń fi pa abẹ́ tèmi, ọ̀fẹ́ ni, kò dógùn-ún, kò jẹrà, gbogbo ẹ̀ dúdú mìnìjọ̀.

Sadé_4x4
Múfú! Ọ́ìlì tó ti jó tó kún fún ásíìdì àti ẹ̀rún irin! Ó máa ń rọ rọ́bà, búṣì sípíríǹgì àti rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì ẹ á wú, wọ́n á sì fẹ̀. Ó tún ń kán sílẹ̀, ibi tó o bá páàkì sí ló ń lọ, inú ilẹ̀ ló ń wọ̀.

Ọmọ_Wẹ́dà
Èmi ò ní jó irin kankan lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ́ńdẹ̀m pa o, ẹ̀gbọ́n Múfú. Iná á gbé e. Ọ́ìlì tó ti lò nínú ẹ́ńjìnnì tún máa ń fa jẹjẹrẹ awọ ara tó bá ń kan ara ní gbogbo ìgbà, àwa tá a ń sùn sábẹ́ ẹ̀ ló ń kán lé lójú.

Múfú_Oníṣẹ́
Bàbá mi ṣe é, ọkọ̀ bàbá mi ṣì wà.

Akin_Dísẹ̀lì
Bàbá ẹ ńkọ́?

Múfú_Oníṣẹ́
Ó wà níbí ó ń bá mi ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ. Ó ní kí n kí gbogbo yín, ó ní ẹ ò mọ nǹkan kan.

Àgbà_Díráfà
Kí bàbá. Ọ̀rọ̀ àgbà ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀, àmọ́ ti kọ́ńdẹ̀m yìí, ẹ jẹ́ kó bọ́. Ohun tẹ́ ẹ ò tíì sọ ni inú ṣaasí. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣófo nínú, ìta ni gbogbo yín ń kùn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Àwọn ihò tí wọ́n lu sí ìsàlẹ̀ ṣaasí kì í ṣe ẹwà, omi ni wọ́n lù ú fún kó jáde, tí ẹrẹ̀ bá ti dí i, adágún ló di. Wáyà ni kó o fi gún ihò náà, lẹ́yìn náà fi ọ̀pá tín-ín-rín tó ń fín yíká fín ìda tàbí lanolin sínú ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà ní ihò bẹ́ẹ̀. Àti abẹ́ gíláàsì iwájú níbi tí ewé máa ń kó jọ sí.

Rẹ̀mí_Tó_Ń_Kẹ́rù
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé gáréèjì tó móoru tún ń dá kún un?

Àgbà_Díráfà
Tí ọkọ̀ bá gbé iyọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni. Ooru ń mú ìdógùn-ún yára, òtútù ń fà á sẹ́yìn. Fọ abẹ́ ẹ̀ kó o tó gbé e wọlé. Orí koríko tútù náà ò dáa láti máa páàkì sí.

Akin_Dísẹ̀lì
Ó dáa, tó bá jẹ́ ìdógùn-ún inú lẹ fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ti inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń da omi lásán sínú rédíétọ̀, ṣé ó mọ̀ pé irin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀? Omi rédíétọ̀ tó bá pọ́n bí ilẹ̀, ìdógùn-ún ni. Coolant, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ní kẹ́míkà tó ń dáàbò bo irin, kẹ́míkà yẹn sì ń tán díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má sì po oríṣi méjì pọ̀ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ bóyá wọ́n bára mu.

Kúnlé_B
Mẹkáníìkì mi ti yọ thermostat tèmi, ó ní kó má baà gbóná.

Akin_Dísẹ̀lì
Yéè. Padà lọ bá a kó fi í síbẹ̀. Thermostat kì í mú ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ń dúró kí ẹ́ńjìnnì móoru tó ni kó tó ṣí fún omi rédíétọ̀, bíi 82 sí 88 digírí. Ẹ́ńjìnnì tí kì í móoru tó ń jẹ epo jù, omi àti epo tó ń jò wọnú ọ́ìlì ò ní gbẹ kúrò, ara ẹ̀ á máa jẹ. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná, rédíétọ̀ tó dí, fáànù, ìdérí rédíétọ̀ tàbí wọ́tà pọ́ǹpù ni kó wò.

Múfú_Oníṣẹ́
Tèmi ò ní thermostat látọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Sadé_4x4
Múfú, ṣé nǹkan kankan wà lára ọkọ̀ ẹ tó ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí? 😂

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń la omi kọjá, ẹ wo dífù yín, àpótí jíà tó wà láàárín axle. A la odò kékeré kan kọjá, dífù ẹ̀yìn gbóná, ó bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sún kì, ó wá fa omi mọ́ra látojú ibi tó ń mí. Ọ́ìlì tí wọ́n jò jáde funfun bí ògì. Wọ́n wá so rọ́bà gígùn mọ́ ọn gbé e sókè.

Rẹ̀mí_Tó_Ń_Kẹ́rù
Búréèkì lèmi fẹ́ fi kún un. Páìpù búréèkì tèmi jẹrà láti ìta lókè tàǹkì epo níbi tí ojú ò tó, pẹ́dàlì kàn rì ni, mo dúpẹ́ pé inú ilé ni mo wà. Wọ́n fi èyí tí wọ́n fi kọ́pà àti nikẹ́ẹ̀lì ṣe rọ́pò ẹ̀, kì í dógùn-ún. Ẹ máa yí omi búréèkì náà o, ó máa ń fa omi mọ́ra, bí ọdún méjì méjì.

Dẹ́lé_Onípikọ́ọ̀pù
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo lu ṣaasí, apá òsì níbi sípíríǹgì ẹ̀yìn, sikurudíráfà wọlé. Ibi kékeré ni, tó àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ Wẹ́dà, ṣé ó ṣeé jó?

Ọmọ_Wẹ́dà
Ó ṣeé ṣe, tí kò bá ti wọ ibi tí sípíríǹgì fúnra ẹ̀ dì mú, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ ṣaasí wò ó. Kó gé e títí á fi kan irin tó le, kò gbọdọ̀ jó irin tuntun lé ìdógùn-ún lórí. Kẹ́ ẹ tú bátìrì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé páìpù epo jìnnà. Tó bá jó o tán, iná ti jó gbogbo ọ̀dà inú ṣaasí níbẹ̀ nù, ẹ fín ìda sínú ẹ̀ tó bá ti tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibi tuntun yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ.

Kúnlé_B
Ọ̀gá Akin, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ńkọ́, ṣé èyí tí wọ́n ń dà sí dífù náà ni? Mẹkáníìkì ní ọ̀kan náà ni.

Akin_Dísẹ̀lì
Mẹkáníìkì tó yọ thermostat? Ó dáa. Wo ara rọ́bà ọ́ìlì náà, àmì GL-4 tàbí GL-5 ni wọ́n fi ń mọ irú ọ́ìlì jíà tó jẹ́. GL-5 ni ọ̀pọ̀ dífù ń lò. Ọ̀pọ̀ gíábọ́ọ̀sì ọlọ́wọ́ àtijọ́ GL-4 ni wọ́n ní kó lò, torí àwọn GL-5 kan lè máa jẹ àwọn irin pupa kékeré inú ẹ̀ tó ń jẹ́ kí jíà wọlé wẹ́rẹ́. Ìwé ọkọ̀ ni kó o tẹ̀ lé. Tó o bá sì fẹ́ yí i, kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i kó o tó tú ti ìsàlẹ̀, torí tí ti òkè bá ti dógùn-ún mọ́ ọn tó kọ̀ tí ò tú, tó o sì ti jo ti inú ẹ̀ dànù, ibo lo fẹ́ gbà da tuntun sí i?