Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwòrán ìdílé Antonia

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ya àwòrán ìdílé àwọn olú ọba Róòmù ayé àtijọ́ sórí ìwé ńlá kan, ó sì ti lọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Antonia kékeré ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Octavia, ẹ̀gbọ́n Augustus tó jẹ́ olú ọba Róòmù àkọ́kọ́, ló bí i fún Mark Antony, ọ̀gágun Róòmù. Ó fẹ́ Drusus, ọmọ Livia ìyàwó Augustus, ó sì bí Germanicus, Livilla àti Claudius. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń jẹ́ Antonia, torí orúkọ ìdílé bàbá ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin.

Agrippina, ọmọ Germanicus, ló dà mí láàmú. Lọ́dún 49 Sànmánì Kristẹni, ó fẹ́ Claudius tó ti di olú ọba nígbà náà, àbúrò bàbá rẹ̀ gan-an! Wọ́n ní láti yí òfin padà kó tó ṣeé ṣe. Claudius tún gba Nero, ọmọ tí Agrippina ti bí tẹ́lẹ̀, ṣọmọ. Nero sì fẹ́ ọmọ Claudius. Bẹ́ẹ̀, Antonia àgbà yẹn ni ìyá bàbá Nero.

Ṣé kí n kọ orúkọ Agrippina síbi méjì ni, àbí kí n jẹ́ kí ìlà máa gba orí ara wọn kọjá? Mi ò fẹ́ kí àwọn obìnrin yìí kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, nítorí àwọn ni okùn tó so ìdílé náà pọ̀. Ẹni tó bá ti ya irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?