Kí la ó pe òkò tó ti ṣá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ìtòkú ni mo fẹ́ dáhùn. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń ṣe eré bẹ́sìbọ́ọ̀lù (eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, tí alátakò á fi igi gbá a) orí kọ̀ǹpútà, irú èyí tó jẹ́ pé ìwọ lo máa to ẹgbẹ́, ìwọ lo máa yan ẹni tó máa jù, kọ̀ǹpútà á wá ṣe ìdíje náà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí iná lóṣù kẹrin. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, kò sí ohun tó jù tí wọn ò fi igi gbá jìnnà. Kí là ń pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá ọ̀gbẹ́ni yẹn lédè wa? Àwọn kan ní àárẹ̀. Àwọn kan ní ìjórẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n wa tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ní ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àárẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje máa ń ju nǹkan bí 100 bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Á sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́rin, àwọn mẹ́rin yòókù tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ á ju tiwọn, á sì tún kàn án. Kọ̀ǹpútà mọ èyí dáadáa: nọ́ńbà kan ń wálẹ̀ bó ṣe ń jù, ó sì ń gòkè bó ṣe ń sinmi, àfi bíi ṣáàjì fóònù. Ṣùgbọ́n ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dún, ẹni tí ara rẹ̀ le á sì bẹ̀rẹ̀ tó 32 nínú wọn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ó lé ní 3,000 ìgbà tó ń fi gbogbo agbára ju nǹkan láti ibi tó fi ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 jìnnà sí ibi tí ẹni tó fẹ́ gbá a dúró sí. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Díẹ̀díẹ̀ ni ohun kan ń lọ tí kì í bọ̀ títí ọdún ìdíje á fi parí. Bí a bá pe ìyẹn náà ní àárẹ̀, báwo la ṣe máa fi ìyàtọ̀ sí méjèèjì? Yàtọ̀ sí èyí, àárẹ̀ tún jẹ́ àìsàn lẹ́nu wa. Bí mo bá ní àárẹ̀ ń ṣe é, ìwọ náà á béèrè pé ṣé ó ti lo oògùn.

Ìjórẹ̀yìn dára, àbájáde ló ń sọ. Ẹgbẹ́ tó wà nípò kìíní tó wá bọ́ sípò karùn-ún jó rẹ̀yìn. Àmọ́ àbájáde lè burú kí apá má sì yí padà rárá. Ó lè jẹ́ pé oríire ló bá a rìn lóṣù kẹrin. Àwọn eré yìí pàápàá ya nọ́ńbà agbára sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà àbájáde. Kí la wá fẹ́ da méjèèjì pọ̀ sí?

Ní ti ìfàsẹ́yìn, ọwọ́ kan láti ìta ló máa ń fa èèyàn sẹ́yìn. Nígbà tí iṣan já nínú ìgbọ̀nwọ́ òsì Tommy John, ọ̀kan lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà, lọ́dún 1974, tí Dókítà Frank Jobe mú iṣan láti apá ọ̀tún rẹ̀ lọ fi tún un ṣe, tí kò sì padà sórí pápá títí di 1976, ìfàsẹ́yìn pátápátá nìyẹn. Ẹni tí mò ń sọ yìí kò ṣèṣe. Iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni ṣá. Bàbá mi dáko gbáàgúdá ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Ọdún àkọ́kọ́, isu gbáàgúdá tóbi débi pé ọmọdé kò lè dá gbé e. Ọdún kẹta, ó ti rí bí ìka ọwọ́. Bàbá mi á bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, á ní, "Ilẹ̀ yìí ti ṣá." Kò ní ó ti kú, kò sì ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Á fi í sílẹ̀ kó di igbó, á ṣí lọ síbòmíì, lọ́jọ́ iwájú á tún padà sídìí rẹ̀. Bákan náà ni aṣọ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, tí aró ara rẹ̀ kò dúdú mọ́: aṣọ ti ṣá. Nínú ṣá, lílò ló ń fà á, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, ohun náà ṣì wà níbẹ̀, òun kọ́ ló yí padà bí kò ṣe agbára inú rẹ̀. Ohun tí à ń wá gan-an nìyí!

Mo ti mọ àtakò tó ń bọ̀. Ṣá yìí kan náà là ń lò fún àdá: wọ́n ṣá a lápá. Òótọ́ ni, "apá ṣíṣá" lè dẹ́rù ba ẹni tó bá gbọ́ ọ. Nítorí náà ni mi ò ṣe fi apá sí i. Mo ní ká pè é ní òkò ṣíṣá, ká sì pe ẹni tó ń jù ú ní asọ̀kò. Kò sẹ́ni tó ń ṣá òkò ládàá. Ẹnì kan lè rántí ẹni tó sọ̀kò sọ́jà, kó ní òkò ń rùn ìjà. Àmọ́ ọmọ wo ló dàgbà ní Abẹ́òkúta yìí tí kò sọ òkò sí máńgòrò rí? Ọmọ tó mọ̀ ọ́n sọ, a mọ orúkọ rẹ̀ ládùúgbò. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ láìfàmì sí i lórí fóònù, tí ẹnì kan kà á sí oko tó ṣá, kò ṣìnà jù.

Ẹ tún wo àwọn eré bẹ́sìbọ́ọ̀lù àtijọ́ tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. APBA jáde lọ́dún 1951, Strat-O-Matic tẹ̀ lé e lọ́dún 1961, káàdì àti dáìsì ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ohun tí asọ̀kò ṣe ní odidi ọdún kan ni wọ́n fi kọ káàdì rẹ̀. Ní Strat-O-Matic, ó lè rẹ asọ̀kò láàárín ìdíje, ṣùgbọ́n káàdì tó lò lóṣù kẹrin náà ló máa lò lóṣù kẹsàn-án. Àárẹ̀ wà níbẹ̀, òkò ṣíṣá kò sí. Bí àwọn tó ṣe eré ọ̀hún bá lè fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n mú èkejì, ohun méjì ni wọ́n, orúkọ méjì ló sì tọ́ sí wọn.

Ti ọjọ́ orí kò le. Asọ̀kò tó ti lé lógójì ọdún tí òkò rẹ̀ kò yára mọ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé apá rẹ̀ ti gbó, ó parí.

Èyí tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejì, lẹ́yìn tí ọdún ìdíje bá ti parí, tí òkò tó ti ṣá fi ń padà bọ̀ sípò. Ó dá mi lójú pé àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀ tó ti sinmi tó, tó ti tó dá padà. Mò ń lọ sí Ọ̀dẹ̀dá ní Sátidé, màá béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́.