Ìmọ̀ràn: kí ni mo lè fi dáàbò bo kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì tó wà lórí fláàṣì mi?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń bá àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké gbé sọ́fítíwià sórí kọ̀ǹpútà wọn, mo sì máa ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Orí fláàṣì kan ni kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì gbogbo wọn wà, ìyẹn ohun tó ń fi hàn pé wọ́n ra sọ́fítíwià. Àwọn kan jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí mo tẹ̀ sínú fáìlì .txt, àwọn yòókù jẹ́ fáìlì .lic tí sọ́fítíwià fúnra rẹ̀ ń béèrè. Mo ń wá ohun tí màá fi tì í. Kó má béèrè àṣẹ admin (ti alákòóso kọ̀ǹpútà), torí àwọn oníbàárà mi kì í sábà fún mi. Kó ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac. Kó sì gba fáìlì .lic, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Kí lẹ̀yin ń lò?

Ìyá_Kóòdù
VeraCrypt ni, kò sí àròyé níbẹ̀. Ẹ fi ṣe àpótí kan sórí fláàṣì yẹn, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹrù yín sínú ẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù, fáìlì kan tí kò ṣeé kà ló máa jẹ́. Òun ló rọ́pò TrueCrypt tí àwọn tó ṣe é pa tì lóṣù Karùn-ún ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ má bínú mà, ohun tó ní òun ò fẹ́ gan-an lẹ gbé fún un yẹn. Bí VeraCrypt ò bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà tẹ́lẹ̀, èyí tó wà lórí fláàṣì ò lè ṣí àpótí lórí Windows láìgba àṣẹ admin, torí ó ní dírábà (sọ́fítíwià kékeré tó ń bá inú Windows ṣiṣẹ́) tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Lórí Mac, ẹ tún máa fi sọ́fítíwià míì, macFUSE tàbí irú ẹ̀, síbẹ̀ ná.

KeePassXC, sọ́fítíwià tó ń tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, ni kó lò. Ti Windows ní ẹ̀dà kan tí wọ́n dì sínú zip: ẹ tú u sórí fláàṣì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Ti Mac náà wà. Inú fáìlì .kdbx kan ni gbogbo nǹkan ń gbé, AES-256 ló fi ń sọ ọ́ di àrokò, Argon2 sì ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ń dá páásíwọ́ọ̀dù lábàá yára. Fáìlì .lic yẹn, ẹ so ó mọ́ orúkọ sọ́fítíwià rẹ̀ bí a ṣe ń so fáìlì mọ́ ímeèlì.

Kò_sí_wàhálà
BitLocker To Go tó ń ti fláàṣì pa ńkọ́? Ó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Mac ò mọ̀ ọ́n.

Ẹyẹlé_Funfun
7-Zip, sọ́fítíwià tó ń di fáìlì pọ̀, lèmi ń lò ní tèmi. Páásíwọ́ọ̀dù tó gùn, AES-256 kan náà. Ẹ ṣáà fàmì sí ibi tó ní kó bo orúkọ àwọn fáìlì pẹ̀lú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá he é máa ka orúkọ gbogbo oníbàárà yín láìmọ páásíwọ́ọ̀dù rárá.

Ìyá_Kóòdù
Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ, mo gbà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ admin. Ṣùgbọ́n 7-Zip yìí, ẹ rọra. Tí ẹ bá tẹ fáìlì inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti kà á, ẹ̀dà tí kò ní ìbòrí ló máa kọ́kọ́ jù sínú fódà temp ti kọ̀ǹpútà onílé. Ó máa ń gbìyànjú láti pa á rẹ́ lẹ́yìn náà o, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wá lè tún rí i.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kó fowó ra ìrọ̀rùn. Fláàṣì tó ní bọ́tìnì nọ́ńbà lára wà, irú Kingston IronKey Keypad 200 tàbí Apricorn Aegis Secure Key. Ara fláàṣì fúnra rẹ̀ lẹ ti máa tẹ PIN. Kò sí sọ́fítíwià, kò sí admin. Ẹni tó bá ń ṣi PIN tẹ̀ títí, fláàṣì á nu inú ara rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n kọ "secure" sí lára lẹ máa rà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, iléeṣẹ́ SySS ní Jámánì fi hàn pé àwọn fláàṣì Kingston, SanDisk àti Verbatim kan ṣeé ṣí láìmọ páásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gba ìwé-ẹ̀rí ààbò FIPS 140-2 ti ìjọba Amẹ́ríkà. Orí kọ̀ǹpútà ni sọ́fítíwià wọn ti ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò, bó bá sì ti tọ̀nà, àmì kan náà ló ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo fláàṣì, ẹni yòówù kó ni ín. SySS fi àmì yẹn ránṣẹ́ fúnra wọn, ó ṣí. Èyí tó ní bọ́tìnì lára kì í gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀.

Òru_ò_mọ_ọ̀gá
Ẹni tó bá he fláàṣì nìkan ni gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ń dí lọ́wọ́. Ní tèmi o, kọ̀ǹpútà tí à ń ki fláàṣì bọ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Bí oníbàárà bá ní keylogger (sọ́fítíwià tó ń jí ohun tí èèyàn tẹ̀ kà) lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ẹ sì tẹ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀, olè ti gbọ́ páásíwọ́ọ̀dù, fáìlì .kdbx náà sì wà níwájú rẹ̀ tí yóò dà kọ. Kọ́kọ́rọ́ ẹnì kan lẹ fẹ́ lò, ti gbogbo wọn ló lọ. Ti Tíṣà náà ò yọ: kọ̀ǹpútà ò rí PIN lóòótọ́, àmọ́ tí fláàṣì bá ti ṣí, gbogbo inú rẹ̀ ló ṣí.

Ohun tí màá ṣe ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan á ní fáìlì .kdbx tirẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ti ẹni tí ẹ ń lọ bá lọ́jọ́ yẹn nìkan ni kó wà lórí fláàṣì. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lárùn, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan ló fara gbá a, orí kọ̀ǹpútà yẹn náà ló sì ń lọ tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, ẹ má tilẹ̀ gbé e sórí fláàṣì. KeePassDX lórí fóònù Android ń ṣí fáìlì .kdbx kan náà. Ẹ wò ó níbẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà 25 bíi ti Windows ò pa èèyàn.

Ní ti àwọn .txt tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: pípa rẹ́ ò tó. Fláàṣì máa ń pín ìkọ̀wé kiri ara rẹ̀ kí ojú kan má bàa tètè gbó, nítorí náà tí ẹ bá kọ nǹkan míì lé fáìlì lórí, ibòmíràn ló lè bọ́ sí, ti àtijọ́ á sì wà ní ààyè rẹ̀. Fláàṣì tuntun ni kẹ́ ẹ mú, ilé ni kẹ́ ẹ ti tì í kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ́ ti àtijọ́.

Wáyà_Gígùn
Àfikún kékeré. Lórí Windows míì, KeePassXC máa kọ̀, á ní òun ò rí vcruntime, torí Visual C++ Redistributable, àkójọ fáìlì Microsoft tó nílò, ò sí níbẹ̀. Ẹ fi KeePass 2 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, .NET tó ti wà nínú Windows ló ń lò, ó sì ń ṣí .kdbx kan náà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo key file (fáìlì tó ń bá páásíwọ́ọ̀dù ṣí .kdbx), kó má ṣe wà lórí fláàṣì kan náà. Ẹni tó bá he ọ̀kan ti he méjèèjì nìyẹn.

Kò_sí_wàhálà
Kí ló tilẹ̀ dé tí kọ́kọ́rọ́ wọn fi wà lọ́wọ́ yín? Ṣebí wọ́n lè wọ àkáǹtì wọn lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún wọn, kí wọ́n mú un níbẹ̀.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe
Ọ̀gá, ẹlòmíì ò rántí ímeèlì tó fi rà á mọ́. Èmi ni wọ́n máa ń pè.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. KeePassXC ni màá lò, fáìlì kan fún ẹnì kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà á wà lórí fóònù. Ìbéèrè kan ló kù: páásíwọ́ọ̀dù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ há gbogbo ẹ̀ sórí?

Òru_ò_mọ_ọ̀gá
Ẹ má há a sórí. Ẹ ṣe .kdbx kan tó máa wà nílé nìkan, kẹ́ ẹ kó páásíwọ́ọ̀dù àwọn yòókù sínú ẹ̀. Àárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ mú ti ẹni tí ẹ ń lọ bá níbẹ̀. Ẹ̀dà ti ilé yẹn kó wà níbi méjì ó kéré tán, torí dísíkì ilé náà máa ń kú, ṣùgbọ́n kó má ṣe dé orí fláàṣì tí ẹ ń gbé kiri láéláé.