Láti Ifẹ̀ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́: níbo gan-an ni igbó ti ń di ọ̀dàn?

Ọmọ-Bọ́tánì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka igi lójú ọ̀nà yìí, kí ni ẹ fi ń mọ̀ pé igbó ti tán? Òjò ni àbí ilẹ̀?

Olóko-Ìjẹ̀ṣà: Iná.

Ewéńjẹ́: Ọ̀rọ̀ yín dúró, Olóko. Ẹ wo ìdánwò iná tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nínú igbó ìjọba Olókèméjì ní 1929. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí gbogbo abala rẹ̀. Abala tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún kò kọjá koríko àti igi díẹ̀. Èyí tí iná kò kàn, igi bò ó, koríko sì pòórá. Iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbóná tó ti ìparí, torí koríko kò tíì gbẹ tán. Ti ìparí ló ń bá èhù igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ìyá-Eléwé-Odò-Ògbè: Orúkọ gan-an ti sọ ọ́. Ìdígbó wà nínú igbó, ìdí-ọ̀dàn wà ní ọ̀dàn.

Ewéńjẹ́: Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an! Ìran igi kan náà, Terminalia, ni àwọn méjèèjì. Ibi tí ẹ bá ti rí ìdí-ọ̀dàn, igi òrí àti àyin pọ̀ pọ̀, ẹ ti kúrò nínú igbó.

Àgbà-Mọdákẹ́kẹ́: Irúgbá ńkọ́? Ó wà nínú oko káàkiri.

Olóko-Ìjẹ̀ṣà: Irúgbá inú oko kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Àgbẹ̀ máa ń dá a sí nígbà tó bá ń ṣánko, torí irú. Ẹ wá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Tí ìyá igi bá dá wà láìsí èhù, ọwọ́ ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Ọmọ-Bọ́tánì: Báwo ni kí n ṣe kà á?

Ewéńjẹ́: Wọn ilẹ̀ 50 mítà sí 50 mítà, kí ó jìnnà sí ọ̀nà, torí etí ọ̀nà ń fi igbó hàn bí ìgbòrò. Gbogbo igi tí àyíká rẹ̀ ní ìwọ̀n 1.3 mítà láti ilẹ̀ bá tó 31.4 sẹ̀ǹtímítà, kà á. Ti àràbà, òkè ìtẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ ni kí o ti wọ̀n ọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ̀n rẹ máa wú lásán. Lẹ́yìn náà, kí o lè mọ bí ibi méjì ṣe jọra tó, sọ iye irú igi tó wà ní ibi méjèèjì di ìlọ́po méjì, kí o pín in pẹ̀lú àròpọ̀ irú igi ibi kìíní àti ìkejì. Ká ní Ifẹ̀ ní 40, ibi kejì ní 30, 7 sì wà ní méjèèjì: 14 lórí 70, 0.2 nìyẹn. 1 ni ìjọra pátápátá, nítorí náà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jọra.

Àgbà-Mọdákẹ́kẹ́: Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ o. Ilẹ̀ pupa Ìtàgúnmódì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà wúwo, ó ń mú omi dání, kòkó fẹ́ràn rẹ̀. Orí òkè àpáta Ẹ̀fọ̀n, iyanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń tètè gbẹ. Òjò kò yàtọ̀ púpọ̀ láàárín wọn.

Olóko-Ìjẹ̀ṣà: Èpò tí wọ́n ń pè ní ewé Akíntọ́lá (Chromolaena) ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó bo ìgbòrò, ó tún ń jó wàrà ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá-Eléwé-Odò-Ògbè: Ó ń pa koríko ẹ̀kan o, ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Olóko-Ìjẹ̀ṣà: Tó bá pa ẹ̀kan tán, kí ló ń jẹ́ kí igi hù lábẹ́ rẹ̀?

Ewéńjẹ́: Tí iná kò bá dé, igi á yọrí, òjìji rẹ̀ á sì pa Akíntọ́lá. Ọmọ-Bọ́tánì, tí o bá fẹ́ mọ orúkọ igi dájú, ewé lásán kò tó o. Ká ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn, máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ kó má baà bu.