Àsomọ́ tó di àdììtú: ẹ jẹ́ ká fi "àìbáramu" sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Láti ìjẹta la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹnì kan ló béèrè pé: bí wọ́n bá ti sọ sọ́fúwíà fóònù kan dọ̀tun, tí fáìlì tó ń fi ránṣẹ́ kò wá ṣeé ṣí lórí fóònù ẹlòmíì mọ́, kí ni ká máa pe fáìlì tí a so mọ́ iṣẹ́ náà, kí ni ká sì máa pe àìsàn tó ń ṣe é? Àwọn kan ní àfikún, àwọn kan ní àsomọ́, ẹ̀gbọ́n wa kan ní àfòmọ́. Ní ti àìsàn náà, gbogbo wa kàn ń kọ "àìbáramu" ("incompatibility" àwọn òyìnbó) lọ ràì bí ẹni pé ìyẹn ti yanjú. Lójú tèmi, kò tíì yanjú rárá, òun gan-an ló sì gbé mi dìde.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí orúkọ fáìlì náà. Àfikún ti níṣẹ́ lọ́wọ́: ohun tí a kọ sẹ́yìn ìwé láti fi kún ti inú rẹ̀ ni. Bí mo bá fi àwòrán ránṣẹ́ láìkọ gbólóhùn kan tì í, kí ló fi kún? Òun fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo rán. Àfòmọ́ dùn létí, mo gbà, ṣùgbọ́n gírámà ti gbà á lọ mọ́ wa lọ́wọ́ (àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbàgbé), àwọn àgbà sì ti ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Èyí tí à ń ṣẹjọ́ rẹ̀ yìí, igi mélòó ló bá tan? Ẹ jẹ́ ká mú àsomọ́. "So" àti "mọ́" hàn kedere nínú rẹ̀, ó sì ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó tán.

Ó ku àìbáramu.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi láìpẹ́ yìí. Fóònù mi sọ ara rẹ̀ dọ̀tun lóru níbi tí mo ti ń sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ya àwòrán mẹ́rin, mo so wọ́n mọ́ ímeèlì, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí àbúrò mi tó ń lo fóònù tó ti pẹ́ díẹ̀. Kò pẹ́ ló pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi ránṣẹ́ yìí? Bébà funfun mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ́ etí wọn ni mo rí." Mo ní kó ka ìparí orúkọ wọn fún mi. Ó kà á: h, e, i, c. Ó ní òun tiẹ̀ ti dá ọgbọ́n kan sí i, òun ti pa heic rẹ́, òun ti kọ jpg síbẹ̀. Bébà náà kò yéé jẹ́ bébà.

Ẹ wò ó dáadáa. Àsomọ́ náà so, kò já lọ́nà, ó dé ibi tí mo rán an. Kí ni kò bára mu níbẹ̀? Bàtà àti ẹsẹ̀ ló ń bára mu, ìlù àti ijó ló ń bára mu. Bí wọn ò bá sì bára mu, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé èyí ló fà á, ìyẹn kọ́. Ti àwòrán mi kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù mi dì í lọ́nà kan, fóònù àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n tú. Ọ̀rọ̀ dídì àti títú ni.

Dídì tí mo sọ yìí kì í ṣe àfiwé lásán. Àwòrán tí kámẹ́rà yà tóbi ju ohun tó rọrùn láti tọ́jú bó ṣe rí lọ. Ẹ̀rọ á ká a, á fún un, á dì í. JPEG jẹ́ ọ̀nà ìdì kan, láti 1992 ló ti wà, ó sì ṣòro kí ẹ tó rí fóònù tí kò mọ̀ ọ́n tú. HEIF, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2015, jẹ́ òmíràn (heic ni ìparí orúkọ fáìlì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́). Àyè tó ń gbà lè máà ju ìdajì ti JPEG lọ fún àwòrán kan náà. iOS 11, sọ́fúwíà iPhone, mú un lò fún kámẹ́rà iPhone 7 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní 2017. Android 9 náà gbà á wọlé ní 2018. Fóònù tó ti jáde kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ dọ̀tun, ta ni yóò kọ́ ọ ní títú rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n àbúrò mi fi já sí òfo. Orúkọ ara páálí ló yí, kò fọwọ́ kan okùn. FF D8 ni báìtì (ẹyọ kéékèèké tí a fi ń ka fáìlì) méjì àkọ́kọ́ nínú ojúlówó JPEG. Nínú HEIC, ẹ ó fo báìtì mẹ́rin kẹ́ ẹ tó bá lẹ́tà mẹ́rin yìí, "ftyp", lẹ́yìn náà ni "heic" sábà ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wò.

Nítorí náà, ìdì ni mo dábàá fún ohun tí àwọn kan ń pè ní "fọ́máàtì". Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rìn lẹ́nu: Irú ìdì wo ni fáìlì yìí? Fóònù mi ò mọ ìdì yẹn. Bá mi tún un dì ní JPEG. "Tún un dì" yìí sì dára ju "yí i padà" tí a ti ń lò, nítorí pé ohun tí àbúrò mi ṣe náà, yíyí padà ló pè é! Ọ̀rọ̀ tí kò lè ya ẹni tó pààrọ̀ orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó tú ẹrù tó sì tún un dì kò wúlò fún wa. Àtúndì tún ń rán wa létí nǹkan mìíràn: gbogbo ìgbà tí a bá tún nǹkan dì ní JPEG, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ṣófò.

Fídíò ni ìdì ti wúlò fún mi jù. Ẹ ti rí i rí: fídíò dé, orúkọ rẹ̀ parí sí mp4, ẹ ṣí i, ohùn ń jáde, ojú rẹ̀ dúdú. Ṣé kì í ṣe pé fóònù mọ mp4 ni? Ó mọ̀ ọ́n. MP4 kì í ṣe ìdì, àpótí ni. Àwòrán inú rẹ̀ lè jẹ́ ìdì H.264 ti 2003, ó sì lè jẹ́ H.265 ti 2013. Ohùn ní ìdì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fóònù ṣí àpótí, ó tú ohùn, ó sì dúró síbi àwòrán. Ẹ fi "àìbáramu" ṣàlàyé ìyẹn fún mi kí n gbọ́.

Ímeèlì tiẹ̀ tún máa ń fi ìdì lé ìdì. Lẹ́tà lásán ni ímeèlì mọ̀ ọ́n gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde ní 1992, ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí a sọ báìtì mẹ́ta di lẹ́tà mẹ́rin, kí fáìlì lè rìn bí ọ̀rọ̀. Ìdí tí fáìlì MB 9 fi ń wúwo tó MB 12 lójú ọ̀nà nìyẹn, tí ímeèlì á sì dá a padà fún yín pé ó ti tóbi jù.

Mo mọ ibi tí ẹ ó ti gbá mi mú. Àwọn tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí wọ́n bá kọ "idi faili yii ko dara", kí ni èèyàn á kà? Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé àléébù gidi ni. Mo ti gbé ìdìpọ̀ wò, ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé ti fi ka ìwé, ìdìpọ̀ kìíní, ìdìpọ̀ kejì. Kí "irú" tàbí "ọ̀nà" ṣáà máa ṣáájú rẹ̀ ni mo rí ṣe títí di báyìí. Ẹni tó bá rí èyí tó sàn jù, kó mú un wá.

Ní ti ìmúdójúìwọ̀n, tí àwọn kan ń pe sísọ sọ́fúwíà dọ̀tun ("update"), mi ò ní jà. Àmọ́ ojú ìwọ̀n ta ni? Fóònù mi dójú ìwọ̀n tirẹ̀ lóru, ó sì fi ti àbúrò mi sílẹ̀. Ìsọdọ̀tun ni mo ń lò, kò ṣèlérí ju ohun tó ṣe lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi tán ni ibi tí mo ti ń wá àtúnṣe. Nínú ètò kámẹ́rà iPhone, ohun tí wọ́n kọ síbi tí a ti ń yan JPEG ni "Most Compatible". Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí "èyí tó bára mu jù lọ", ẹni tó ń kà á á béèrè pé kí ló bá mu. Ẹ kọ "ìdì tí fóònù púpọ̀ mọ̀ ọ́n tú", kò ní béèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni èsì tí fóònù àbúrò mi ì bá fún un dípò bébà funfun: "Fáìlì yìí pé, ṣùgbọ́n fóònù yìí kò mọ ìdì rẹ̀ tú. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un dì."

Àdììtú ni mo fẹ́ ká máa pe irú àsomọ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ létí, ohun tí a dì tí a ò rí tú ni, ó sì ti wà nínú èdè wa kí fóònù tó dé. Ó yàtọ̀ sí fáìlì tó bàjẹ́: èyí tó bàjẹ́, kò sí ẹni tó máa tú u, àdììtú ń dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo tún àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì, mo sì tún wọn rán. Àbúrò mi ti rí wọn. Ó ní mo dijú nínú mẹ́ta.