Àlọ́ tó di ìtàn tuntun lọ́wọ́ wa: ẹ wá sọ ìrírí yín

Telọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìtàn kéékèèké tí a máa ń kọ, àwọn tó jẹ́ pé inú àlọ́ la ti mú un àmọ́ tí a gbé e lọ sí ayé tí kò tíì sí, àti ewì náà pẹ̀lú. Kí kálukú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí òun. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Aṣọ ni mo ń rán, Ìbàdàn níbí. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ tí kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, èmi àtàwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi a máa jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ká máa fọwọ́ so bọ́tìnì, ká máa ṣẹ́ etí aṣọ, ibẹ̀ ni mo ti máa ń ka ohun tí mo bá kọ sínú fóònù fún wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kì í gbà kí n bẹ̀rẹ̀ tí oòrùn bá ṣì wà lókè, ó ní ìyá àgbà òun sọ pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, mo sì máa ń dúró torí ilé tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lèmi náà dàgbà sí.

Àlọ́ Ajá àti ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ ọ́n: ìyàn mú, àwọn ẹranko ní kí kálukú mú ìyá ẹ̀ wá kí àwọn pa á jẹ, Ajá wá gbé ìyá tiẹ̀ lọ pamọ́ sọ́run. Tí ebi bá ń pa á, á lọ dúró sábẹ́, á kọrin pé kí ìyá òun ta okùn wálẹ̀, ègbè ẹ̀ ni "Àlùjanjankíjan", okùn á sọ̀ kalẹ̀, á gun ún lọ jẹun. Ìjàpá fi ọgbọ́n àrékérekè kọ́ orin yẹn, òun náà lọ kọ ọ́, okùn sọ̀ fún un, ó ti gòkè dé ìdajì kí Ajá tó dé tó pariwo pé kí ìyá òun gé okùn. Àtikékeré ni mo ti fẹ́ràn àlọ́ yìí, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà tí mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ débi pé wọ́n ń fi ohùn ọmọ pe ìyá lórí fóònù kí wọ́n lè gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi pé ah, ọ̀rọ̀ Ìjàpá nìyí, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa tipẹ́.

Nínú ìtàn tèmi, ìyàn iná ló mú, kì í ṣe ti oúnjẹ. Ìbàdàn ọjọ́ iwájú ni, òkùnkùn bo gbogbo ibi, ilé iṣẹ́ kan wá dé tó ń fún èèyàn níná, wọn ò gba owó o, ohùn ni wọ́n ń gbà, ohùn ìyá ẹni ni wọ́n sì fẹ́ràn jù torí òun ló ń pẹ́ jù nínú ẹ̀rọ wọn. Tí o bá ti ta ohùn ìyá ẹ, ìyá ṣì wà láàyè, á máa la ẹnu, nǹkan kan ò ní jáde. Bí àdúgbò ṣe ń ta tiwọn nìyẹn. Mọ́kọ́lá tàn yẹ́ẹ́, Dùgbẹ̀ tàn, Bẹẹrẹ tàn, gbogbo ìyá dákẹ́.

Ajá nìkan ni kò tà á. Ọmọkùnrin ni nínú ìtàn mi àmọ́ mi ò yí orúkọ ẹ̀ padà. Ó gbé ohùn ìyá ẹ̀ lọ so mọ́ sátẹ́láìtì kan tó ti kú tó ń yípo lókè sánmà, tó bá di òru á gun òkè Màpó, á kọrin, okùn á sọ̀ kalẹ̀, okùn tí ojú ò lè rí, ohùn ni okùn náà. Ìjàpá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oníná yẹn, ó fi fóònù ká orin náà, ó kó o fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ́ ohùn Ajá títí dé bó ṣe ń mí láàárín ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa nìyí. Mo ń kà á fún àwọn ọmọ yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dé ibi tí Ajá ti kọrin, mo lé e, gbogbo wọn gbè é, àwọn tó ń kọjá lọ pàápàá gbè é, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì dúró gbè é kó tó kọjá. Mo wá dé ibi tí Ìjàpá ti ń kọ ọ́. Orin kan náà ni o, ohùn kan náà, mi ò yí i rárá. Mo lé e, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo tún un lé, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo gbójú sókè wò wọ́n, ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn ti ká apá mọ́ àyà, ó ní "Àǹtí, ẹ má bínú, a ò lè gbè fún olè."

Mi ò lè ka ìyókù mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ara mi ṣe gììrì. Torí bí mo ṣe kọ ọ́, Ajá ló máa sáré dé tó máa pariwo, bó ṣe wà nínú àlọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ti fi hàn mí pé Ajá ò nílò kó sáré wá rárá. Mo tún ìparí ẹ̀ kọ báyìí: àwọn ìyá tí wọ́n ti ta ohùn wọn máa ń jáde lóru lọ dúró sí ìsàlẹ̀ òkè Màpó, wọn ò lè sọ̀rọ̀ àmọ́ wọ́n ní ọwọ́, bí Ajá bá ti lé orin wọ́n á pàtẹ́wọ́ ègbè ẹ̀, ègbè yẹn ni ìyá tó wà lókè ń gbọ́ tó fi ń ta okùn. Ìjàpá gbé ẹ̀rọ wá, ẹ̀rọ kọ ọ́, ó dùn ju ti Ajá lọ gan-an, àwọn ìyá ká apá mọ́ àyà. Kò sí okùn kankan.

Ọ̀pọ̀ tí mo ń kà lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń yọ kúrò nínú àlọ́ ni orin, wọ́n á ní ti ọmọdé nìyẹn, wọ́n á wá fi Ṣàngó sínú ọkọ̀ òfuurufú. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ wò ó, Ìjàpá tí àwọn baba wa gbé rìn dé Cuba lásìkò ẹrú, Jicotea ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹnu wọn ti di ti Spanish àmọ́ ẹ ṣì máa bá orin Yorùbá láàárín ìtàn wọn. Wọ́n pàdánù èdè, orin ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Orin ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn nínú àlọ́ wa, orin náà ló sì ń tú àṣírí. Ta ló tún ti rí irú ẹ̀?

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Telọ, ọlọ́wọ́ ayọ̀, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ síbi tí orin ti ń tú àṣírí yẹn torí ibẹ̀ lèmi wà.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Ìtàn ọdẹ tó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ ẹ̀ sílẹ̀ tó di obìnrin arẹwà tó gba ọjà lọ, ọdẹ gbé awọ náà ó lọ fi pamọ́ sókè àjà, obìnrin di ìyàwó ẹ̀, wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú pé kò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìyáálé fún ọkọ lẹ́mu mu títí ó fi jẹ́wọ́. Látọjọ́ yẹn, ìyáálé á máa kọrin fún un pé kó máa jẹ kó máa mu, awọ ẹ̀ ń bẹ lókè àjà. Lọ́dọ̀ àwọn kan àgbọ̀nrín ni, lọ́dọ̀ wa ẹfọ̀n ni, Ọya ni obìnrin náà, ìwo tó já sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yẹn tí gbogbo èèyàn ń sáré kọjá tí mi ò lè kọjá ẹ̀, pé nígbà tó rí awọ náà ó ti gbẹ, ó ní láti fi omi rẹ ẹ́ kó tó lè wọ̀ ọ́. Ẹ ro àkókò yẹn wò, kí awọ máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, kí obìnrin náà jókòó tì í. Bàbá wa àgbà mọ̀ nípa awọ, mo bi wọ́n bó ṣe máa ń pẹ́ tó, wọn ò dá mi lóhùn tààrà, wọ́n kàn ní awọ tó ti gbẹ sínú èéfín kì í yára gba omi. Gbólóhùn yẹn ni mo gbé lọ sílé tí mo fi kọ èyí:

*Ẹ bomi fún mi, ẹ bomi fún mi kí n rẹ awọ mi,*
*ó pẹ́ lókè àjà, èéfín ti mu ún yó.*
*Abẹ́ àjà yẹn ni mo bímọ sí,*
*mo ń fọ́mọ lọ́mú, ojú mi ń bẹ lókè.*
*Ìyáálé mi, orin yín ti tó,*
*ohun tí ẹmu tú sílẹ̀, orin yín gbé e dójú agbo.*
*Awọ ń rọ̀, ẹ má pe ọkọ wa,*
*awọ ń rọ̀, ẹ gbọ́mọ sẹ́yìn ilé.*
*Ìwo ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ mi:*
*ẹ bá lù ú, màá gbọ́.*
*Ẹ má lù ú lásán o,*
*ọ̀nà igbó jìn, ẹ̀fúùfù ni màá bá wá.*

Mo kà á fún bàbá àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí n tún ìlà tó kẹ́yìn kà, mo tún un kà, wọ́n dìde lọ ti fèrèsé.

Ìyàwó Káfíńtà

Ẹ̀yin méjèèjì yìí, oorun ò ní kùn mí lálẹ́ òní. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Ojoojúmọ́ la ń rí àwọn tó ń lọ ya fọ́tò lábẹ́ ère Mọ́remí tí wọ́n gbé dúró ní 2016, ère náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, inú mi sì máa ń dùn sí i, àmọ́ ní tèmi, ọmọ tí Mọ́remí fi san ẹ̀jẹ́ ẹ̀ ló máa ń wà lọ́kàn mi, Olúorogbo. Olúrónbí náà ńkọ́. Àwọn yòókù jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn, òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ pupa rírẹwà fún Ìrókò. Ẹ̀jẹ́ ni o, kò sí bí o ṣe fẹ́ kọ ọ́ dọ̀la tí ẹ̀jẹ́ ò ní jẹ́ ẹ̀jẹ́, ìtàn tí kò bá ti ní gbèsè nínú, kì í jọ àlọ́ létí mi.

Bí wọ́n ṣe pa á fún mi, Ìrókò mú Olúrónbí mọ́lẹ̀, ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wá gbẹ́ ọmọ onígi, ó kùn ún, ó wọṣọ fún un, ó gbé e fún Ìrókò, Ìrókò gbà á, ó sì tú ìyàwó sílẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọkọ mi níbi iṣẹ́ ẹ̀, ó gbórí sókè lórí pákó tó ń fá, ó ní "Igi wo ló fi gbẹ́ ọmọ náà?"

Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn rí! Ó ní tó bá jẹ́ òun ni, ìrókò lòun máa lò, torí ikán kì í jẹ ẹ́. Ó wá ń sọ nípa ìrókò fún mi, pé ìyẹ̀fun ẹ̀ máa ń yún èèyàn lára, ó máa ń di èèyàn nímú, àti pé nígbà míì tí ayùn bá ń lọ geere nínú ẹ̀ á ṣàdédé kọ́ òkúta, òkúta gidi, inú igi ló ti dì sí látinú omi ara igi náà, ó sì máa ń ba eyín ayùn jẹ́. Ó fi ọ̀kan hàn mí tó fi pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́ ẹ̀. Funfun ni, ó le koránkorán.

Ìtàn tí mo kọ nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò rí igi míì tó dára, ó lọ gé ẹ̀ka kan lára Ìrókò fúnra ẹ̀ lóru, òun ló fi gbẹ́ ọmọ náà, àyà ọmọ náà ló ti kan òkúta, kò yọ ọ́, ó gbẹ́ yí i ká. Nígbà tó gbé e fún Ìrókò, Ìrókò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ni. Gbogbo ọjà rò pé wọ́n ti tan igi jẹ. Igi ò sọ nǹkan kan, ó gba ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Àmọ́ ọmọ ti Olúrónbí gan-an, tó wà nílé, látọjọ́ yẹn ló ti ń gbọ́ tí nǹkan ń lù kìkì nínú igi tó bá ti kọjá lábẹ́ Ìrókò, ìlù yẹn sì ń bá ti àyà ẹ̀ mu.

Telọ, ìlù yẹn ni mo fi rọ́pò orin o, mi ò yọ orin dànù. Àwọn ọmọ mi ti ń bi mí bóyá àwọn ọmọ méjèèjì yìí máa pàdé. Mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá pa Olúrónbí fún lọ́nà míì nílùú tiẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má gé orin ẹ̀ kúrú.